Èmi ọmọ Àgùdà àti ọ̀rẹ́ mi ẹlẹ́sìn Wicca

Bí mo bá ti dárúkọ Wicca, ẹ̀sìn abọ̀rìṣà òde òní kan tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ England, fún àwọn ará ilé ní Ìbàdàn lórí fóònù, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tilẹ̀ ní kí n tètè wá iṣẹ́ mìíràn. Mo mọ ohun tó ń já wọn láyà. Wọ́n ti gbọ́ pé àjẹ́ ni àwọn ẹlẹ́sìn náà ń pe ara wọn, fíìmù àgbéléwò ló sì bá wọn parí èyí tó kù. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sẹ́ni tó ń di ẹyẹ lóru níbí. Ẹni tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ wọn yìí ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ológbò sì kún ilé wọn. A jọ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Lancashire, lápá àríwá ilẹ̀ England. Àwọn ọmọ mi ló sọ wọ́n ní Ìyá Olóṣùpá, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn nínú gan-an.

Ohun tó mú kí àríyànjiyàn wa dùn ni pé inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí wọn sí. Preston ni wọ́n ti dàgbà, ìlú tí Àgùdà ti fìdí múlẹ̀ sí láti ayé tí ìjọba England ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọba, tí wọ́n sì ń pa Fada tí ọwọ́ bá tẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, wọ́n ti gba Ara Olúwa, Bíṣọ́ọ̀bù ti fi òróró mímọ́ sí wọn níwájú orí. Bó bá di ká ka kátíkísìmù lórí, wọ́n á fẹ̀yìn mi balẹ̀, èmi tí mo dàgbà sí ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì St. Mary's ní Òkè Padre, tí ìyá mi ń fà létí lọ sí Máàsì àárọ̀ kùtù. Láàárín òru, tí a bá ti yí àwọn arúgbó tí kò lè dá ara wọn yí padà tán, kí ẹ̀yìn wọn má baà di egbò, tí a ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a óò po tíì, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti mú mi wo pẹpẹ wọn nílé. Orí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àbẹ́là méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún Ọlọ́run Obìnrin, ọ̀kan fún Ọlọ́run oníwo. Abọ́ iyọ̀ wà, abọ́ omi wà, àwo tùràrí tí eérú ṣì wà nínú rẹ̀, ife fàdákà tí wọ́n rà ní ọjà àlòkù, ọ̀pá kékeré tí wọ́n gé lára igi, àwo bàbà tí wọ́n ya ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún sí, àti ọ̀bẹ olójú méjì tí èèkù rẹ̀ dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní athame. Wọn kì í fi ọ̀bẹ yẹn gé ẹran tàbí àlùbọ́sà o. Yọ ọ̀bẹ, ọ̀pá àti ìràwọ̀ kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó kù tí o kò ní bá nínú yàrá tí Fada ti ń wọṣọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìsìn, wọ́n á bu iyọ̀ sínú omi, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ìyàsímímọ́ lé e lórí, wọ́n á wọ́n ọn yí ibẹ̀ ká. Ibí yìí ni mo ti ní kí wọ́n dúró ná. Fada náà ń ṣe bẹ́ẹ̀! Nínú ìlànà àtijọ́, Fada á lé ẹ̀mí àìmọ́ kúrò nínú iyọ̀, á lé e kúrò nínú omi, kó tó wá po méjèèjì pọ̀. Ìwé Máàsì òde òní náà ṣì fàyè gba iyọ̀ nínú omi mímọ́. Ìyá Olóṣùpá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Lọ́wọ́ ta lo rò pé a ti kọ́ ọ?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀bẹ ya agbo, ìyẹn òbìrípo, sójú afẹ́fẹ́, wọ́n á kí igun ayé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan: ìlà-oòrùn tó ni afẹ́fẹ́, gúúsù tó ni iná, ìwọ̀-oòrùn tó ni omi, àríwá tó ni ilẹ̀. Wọ́n á pe Ọlọ́run méjèèjì. Níkẹyìn, wọ́n á súre fún kéèkì àti wáìnì, wọ́n á pín in jẹ.

Ìjọra yìí kò ṣèèṣì wáyé. Gerald Gardner, ẹni tó gbé Wicca jáde fáyé rí, ọmọ Great Crosby ni, tòsí wa níbí, 1884 ni wọ́n sì bí i. Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló ṣe ní Malaya kó tó padà wálé ní 1936. Ó ní ẹgbẹ́ kan ní agbègbè New Forest gba òun wọlé ní 1939, pé ẹ̀sìn àtayébáyé ni wọ́n ń bá bọ̀ láti ìrandíran. Ní 1951 ni ìjọba fagi lé òfin 1735 tó de ọ̀rọ̀ àjẹ́. Nígbà tó di 1954, Gardner ti tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀sìn náà. Ronald Hutton, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Bristol, ti tú gbogbo rẹ̀ wò fínnífínní, ó sì fi hàn pé ẹ̀sìn òde òní ni: wọ́n mú díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Freemason, wọ́n mú díẹ̀ nínú ìwé Aleister Crowley, onídán ará England kan. Doreen Valiente, tí Gardner gbà wọlé ní 1953, fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ Crowley mọ̀ nínú ìwé ìsìn wọn, ló bá jókòó tún un kọ. Ọwọ́ obìnrin yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tó dùn létí nínú ìsìn wọn ti wá.

Mo rò pé èyí ni n ó fi borí. Mo ní, "Ìyá mi àgbà ju ẹ̀sìn yín lọ lọ́jọ́ orí." Ìyá Olóṣùpá kò tilẹ̀ mira. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀, ẹni tó bá kàwé láàárín wọn kì í jiyàn rẹ̀ mọ́, àti pé ẹ̀sìn tèmi náà ṣe ọmọ àná rí lójú àwọn ará Róòmù. N kò rí èsì fún ìyẹn. Wọn kò pọ̀ púpọ̀ ṣáá o. Nínú ìkànìyàn 2021, nǹkan bí 13,000 ènìyàn ní England àti Wales ló kọ Wicca sílẹ̀, nǹkan bí 74,000 sì kọ Pagan, ìyẹn abọ̀rìṣà ní gbogbogbò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọdún ni àwọn ènìyàn ti ń parọ́ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní Àgùdà jí gbogbo ọdún lọ́wọ́ abọ̀rìṣà. Mẹ́jọ ni ọdún àwọn Wicca, yàtọ̀ sí ìpàdé òṣùpá àránmọ́jú. Samhain, ọdún ìrántí àwọn òkú, bọ́ sí 31 Oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ àti ọjọ́ Gbogbo Òkú tiwa tẹ̀lé e ní 1 àti 2 Oṣù Kọkànlá. Yule fara kan Kérésìmesì. Litha fara kan ọjọ́ ìbí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Imbolc bọ́ sí 1 Oṣù Kejì, ọjọ́ Brigid Mímọ́ àwọn ará Ireland, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì ni Fada ń súre fún àbẹ́là. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní olè ti jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àbẹ́là kò ti ọ̀dọ̀ abọ̀rìṣà wá: ka ọjọ́ láti Kérésìmesì, ogójì ni yóò pé, torí òfin Mósè ní kí ìyá tó bí ọmọkùnrin dúró ogójì ọjọ́ kó tó lọ sí Tẹ́ńpìlì. Àwọn ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ní ó ti wà látayébáyé náà kò sì para pọ̀ di ẹyọ kan títí di nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950, lójú ayé Gardner.

Àjíǹde nìkan ni wọ́n fi ń mú mi. Sunday àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àránmọ́jú tó bá bọ́ sí 21 Oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń ṣe é. "Ẹ̀yin náà ń bá òṣùpá rìn," ni wọ́n máa ń wí, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó ti jẹ ayò.

Ìṣọ́ òru Àjíǹde ló tún le jù. Ẹ rántí bó ṣe ń lọ: wọ́n á pa iná ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dá iná tuntun níta, wọ́n á fi tan àbẹ́là ńlá. Bó bá kan ìbùkún omi, Fada lè gbé àbẹ́là náà, kó tì í bọ inú omi lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, á máa bẹ̀bẹ̀ kí Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, kí àwọn tí a sin pẹ̀lú Kristi nínú ìrìbọmi lè bá a jí. Nínú ìsìn Wicca, ẹnì kan á di ife wáìnì mú, ẹnì kejì á ti ẹnu ọ̀bẹ dúdú náà bọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ ni akọ, ife ni abo, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ní ìyè ti ń wá. Ìyá Olóṣùpá mú ṣíbí, wọ́n tì í bọ inú kọ́ọ̀bù tíì wọn, wọ́n ní, "Ó yá, sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi."

Mo ti rò ó títí. Nínú agbo wọn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á jó yíká, wọ́n á máa kọrin, títí agbára á fi gbéra láàárín wọn, olórí wọn á wá darí rẹ̀ síbi tí wọ́n ń fẹ́, bóyá sára aláìsàn, bóyá sọ́dọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Inú ara ènìyàn ni agbára náà ti ń jáde, àti inú ilẹ̀, igi, òṣùpá, torí lójú tiwọn, inú ayé ni àwọn Ọlọ́run wọn wà, wọn kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run tèmi dá ayé, kò sì sí lára ohun tó dá. Nígbà tí mo bá lọ sí Máàsì, ọwọ́ òfìfo ni mò ń gbé lọ. Mo lọ tọrọ ni.

"Irọ́," ni wọ́n wí. "Tiyín gan-an ni idán. Fada sọ gbólóhùn kan, búrẹ́dì di Ọlọ́run, ì báà jẹ́ ọ̀mùtí ni Fada náà. Àwa ńkọ́? A ó jó títí orúnkún á fi yẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí ẹ̀kọ́ ìjọ gan-an ni wọ́n kà sí mi létí: ìwà burúkú Fada kò lè ba Sákírámẹ́ǹtì jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn. Kò lè bà á jẹ́ torí iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Kristi tó ṣèlérí ló ń ṣe é. Fada kò sì lè darí rẹ̀ síbi tó wù ú. Kò lè ní kí Ara Olúwa lọ bá òun yí onílé lọ́kàn padà nítorí owó ilé.

Ká sọ òótọ́ ṣá, àwa fúnra wa ń ṣe bí ẹni pé ó ṣeé darí. Mo wọ́n omi mímọ́ sí páásípọ́ọ̀tù mi kí n tó lọ tẹ̀ka fún físà ní Èkó. Ìyá mi gba nóféènà, àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án, sí Jude Mímọ́ lórí rẹ̀, wọ́n tún di iyọ̀ tí Fada ti súre fún sínú ọ̀rá, wọ́n tì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀lùbọ́. Nígbà tí mo sọ èyí fún Ìyá Olóṣùpá, wọ́n dìde dúró, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́."

Kátíkísìmù kò fàyè sílẹ̀ o. Ìpínrọ̀ 2116 àti 2117 kọ ìwoṣẹ́ àti oògùn idán ní gbogbo ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ nítorí ìlera. Nítorí náà, n kì í jẹ́ kí wọ́n fi káàdì tarot wò mí, n kò sì tíì wọ agbo wọn rí. Fada wa ní kí n bá wọn ṣọ̀rẹ́, kí n má bá wọn jọ́sìn. Ìyá Olóṣùpá kò bínú sí i. Àwọn náà kì í tò síbi Ara Olúwa bí wọ́n bá wá síbi ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ibi tí wọ́n ti ń borí mi ni ọ̀rọ̀ obìnrin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n fẹ́ sin Fada níbi pẹpẹ bíi ti àwọn ọmọkùnrin, ṣọ́ọ̀ṣì ní kò sáyè. 1994 ni Róòmù tó gba ọmọbìnrin láyè láti sin pẹpẹ, ọdún yẹn kan náà sì ni Pópù John Paul Kejì kọ̀wé pé ìjọ kò ní àṣẹ kankan láti fi obìnrin jẹ Fada. Nígbà náà, Ìyá Olóṣùpá ti wà nínú agbo tí obìnrin ń darí. Mo mú Màríà jáde. Mo ní Ìyá Ọlọ́run ni àpéjọ Éfésù pè é ní 431, kí ni wọ́n tún ń wá? Wọ́n ní, "Ṣé òun tí ẹ ní ẹ ò gbọ́dọ̀ sìn?" Lóòótọ́ ni, a ń bọ̀wọ̀ fún un ju gbogbo Ẹni Mímọ́ lọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan là ń sìn. Mo mọ ẹ̀kọ́ yẹn. Mo sì tún mọ Oṣù Kẹwàá nílé wa, tí àwọn ìyá àdúgbò kún pálọ̀, tí Mo kí ọ Màríà ń rọ̀ bí òjò, tí ìyá mi di Rosary mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà. Bí o bá ní kí ìyá mi fi ibi tí ọ̀wọ̀ parí sí tí ìjọsìn bẹ̀rẹ̀ hàn ọ́, wọ́n á ní kí o lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Nípa ìwọlé, a jọra ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀lé Gardner gan-an, ẹni tí wọ́n ti gbà wọlé ló lè gba ẹlòmíràn wọlé, ọkùnrin gba obìnrin, obìnrin gba ọkùnrin, ipele mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n lè ka orúkọ ẹni tó gbà wọ́n wọlé padà sẹ́yìn títí kan Gardner, bí Bíṣọ́ọ̀bù tiwa ṣe gba ìgbọ́wọ́lé lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Wicca lónìí ń dá ṣe tiwọn nínú ilé. Ní 2020 tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí Kòrónà, Ìyá Olóṣùpá jáde sẹ́yìnkùlé, wọ́n ṣe ìsìn wọn láṣepé. Èmi ń wo Máàsì lórí fóònù, Ara Olúwa kò sì lè gba inú fóònù jáde.

Lancashire yìí náà ni wọ́n ti so ènìyàn mẹ́wàá kọ́ ní 1612 pé wọ́n jẹ́ àjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ Pendle. Ìyá Olóṣùpá ka àwọn yẹn sí ará wọn. Èmi kò gbà. Nínú àkọsílẹ̀ tí Thomas Potts, akọ̀wé ilé ẹjọ́ náà, tẹ̀ jáde, ọfọ̀ tí wọ́n ní wọ́n ń pè sọ̀rọ̀ nípa gbígba ààwẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, àti nípa àgbélébùú, ọ̀rọ̀ Látìn sì wà nínú rẹ̀. Àdúrà Àgùdà tí ìyá kọ́ ọmọ ni, lẹ́yìn tí ìjọba ti gba Máàsì lọ́wọ́ wọn. Nínú ìgbẹ́jọ́ kan náà, wọ́n dá àwọn obìnrin mẹ́ta láti Samlesbury sílẹ̀, abúlé kan nítòsí Preston, torí adájọ́ gbà pé Fada Àgùdà kan ló kọ́ ọmọbìnrin tó fẹ̀sùn kàn wọ́n ní irọ́ tó pa. Lójú ilé ẹjọ́ ọba, omi mímọ́ àti oògùn àjẹ́, ìyá kan náà ló bí wọn. Ìyá Olóṣùpá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká jọ pín àwọn òkú náà. Mo ní ó dáa.

Ohun tí n kò lè fi sílẹ̀ láé, tí n kò rí lọ́dọ̀ wọn, ni ìdáríjì. Òfin wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, ṣe ohun tó wù ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn tún gbà pé ohun tí o bá ṣe, rere tàbí búburú, á padà bá ọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù, kò sí iná ọ̀run àpáàdì, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé ẹni tó kú á sinmi, á tún wá sáyé. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò jẹ́ tuntun lójú ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa ẹnì kan lára ńkọ́, tí ẹni náà sì ti kú? Ta ni n ó lọ bá? Èmi mọ ibi tí n ó lọ: inú àpótí ìjẹ́wọ́ tó ń rùn bí igi àtijọ́, Fada tó ń wúkọ́ lẹ́yìn àwọ̀n, àdúrà ìrònúpìwàdà, mo ti jáde.

Ìyá Olóṣùpá dákẹ́ nígbà tí mo béèrè èyí. Àbúrò wọn obìnrin kú láìjẹ́ pé wọ́n parí ìjà, ìjà lórí ilé ìyá wọn. Lọ́jọ́ Samhain, wọ́n máa ń gbé àwo oúnjẹ kan kalẹ̀ fún un, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún un sínú ìwé, wọ́n á sun ún. Wọ́n ní ó ń ṣe àwọn láǹfààní. Wọ́n ní bóyá ó ń ṣe àbúrò wọn láǹfààní ni àwọn kò lè sọ, torí Àgùdà ló kú sí, kò sì fẹ́ràn iná wọn nígbà tó wà láyé.

Ní Oṣù Kọkànlá, ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń pín àpòòwé tí a ń kọ orúkọ àwọn òkú wa sí, kí Fada lè gbé Máàsì fún wọn. Mò ń kọ orúkọ bàbá mi sínú tèmi lórí tábìlì iṣẹ́ nígbà tí Ìyá Olóṣùpá bèèrè bóyá àyè ṣì kù níbẹ̀. Mo kọ orúkọ àbúrò wọn sí ìsàlẹ̀ ti bàbá mi. Wọ́n fi pọ́n-ùn mẹ́wàá sínú rẹ̀, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ará agbo wọn gbọ́. Yorùbá ni mo fi kọ èyí, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.